Mílíìkì Inú Fíríìjì Ọ̀gá

Nígbà tí mo bí ọmọ mi àkọ́kọ́, akọ̀wé kékeré ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Ọ̀jọ́, lẹ́bàá títì márosẹ̀ tó lọ sí Bàdágìrì. Ìbà là ń gbé, nínú yàrá kan àti pálọ̀ tí ọkọ mi gbà kí n tó lóyún. Iṣẹ́ wẹ́dà ni ọkọ mi ń ṣe lápá Àpápá. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tó fi ń jáde, bó bá sì dé nírọ̀lẹ́, orí àga ni oorun ti máa ń gbé e lọ kó tó jẹun tán. Nítorí náà, èmi àti ìyá mi la jọ ń tọ́jú ọmọ. Abẹ́òkúta ni ìyá mi ti wá lọ́sẹ̀ tí mo bímọ, wọ́n sì ti sọ fún bàbá mi pé àwọn ò mọ ìgbà tí àwọn máa padà.

Omi ọyàn mi pọ̀ nígbà yẹn. Bí ọmọ bá ń mu apá kan, apá kejì á máa kán sórí ìró mi, ìyá mi á sì fi aṣọ gbè é. Nọ́ọ̀sì kan wà ní kílíníìkì tí a ti ń gba abẹ́rẹ́ ọmọ, obìnrin pupa kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òun ló máa ń sọ fún wa pé ọyàn nìkan tó ọmọ títí di oṣù mẹ́fà, pé ká má fi omi tàbí àgbo kún un. Ọ̀rọ̀ tuntun ni lójú ọ̀pọ̀ wa. Nígbà tí a délé, ìyá mi ní ó dájú pé nọ́ọ̀sì yẹn kò tíì bímọ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n rí i pé ọmọ ń sanra, tí ẹran itan rẹ̀ ń ká lé ara wọn, wọ́n dákẹ́. Wọ́n ṣì máa ń fún un lágbo díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá rò pé mi ò sí nítòsí, èmi náà sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Inú mi dùn sí ọyàn mi ju bó ṣe yẹ lọ. Nǹkan tí mo lè fi yangàn kò pọ̀. Mi ò kàwé lọ títí, mi ò lẹ́wà ju ẹgbẹ́ mi lọ, ọdún mélòó kan ni mo sì fi wà nílé ọkọ tí àwọn èèyàn ń wo ikùn mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó láàárín àwọn ìyá ọmọ ní kílíníìkì, tí ọmọ ẹlòmíràn ń jà mọ́ ọyàn tí kò rí nǹkan mu, tí tèmi sì ń gbé e mì tí ọ̀fun rẹ̀ ń dún, mo máa ń gbé orí sókè díẹ̀ kí wọ́n lè rí mi.

Ìsinmi ìbímọ mi parí, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ náà ni ojú ti bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Ọ̀gá wa, ọmọ Èkìtì kan tó jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ní kí n gbé fáìlì kan wọlé wá. Àwọn ọkùnrin méjì kan jókòó lọ́dọ̀ wọn. Bí mo ṣe ń na fáìlì náà sí ọ̀gá, ọmọ kan ké níta. Mi ò mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, bóyá ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà tí wọ́n ń kọjá lọ. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọyàn mi méjèèjì ti tú. Ojú àwọn ọkùnrin náà ni mo ti kọ́kọ́ rí i kí n tó wo ara mi. Búláòsì aláwọ̀ ojú ọ̀run ni mo wọ̀, omi náà sì ti tàn roboto-roboto níwájú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn yíjú sí fèrèsé. Ọ̀gá gba fáìlì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i kíákíá bí ẹni pé nǹkan kan sọnù sínú rẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn rìn jáde. Títí a fi jáwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mo gbé fáìlì mìíràn mọ́yà bí ọmọ ilé ìwé.

Èmi àti obìnrin àgbà kan tó ń tẹ̀wé la jọ wà ní yàrá ìta. Ìyá Táípíìsì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Èèyàn tó lawọ́ ni wọ́n, àmọ́ ẹnu wọn kì í sinmi. Wọ́n bọ́ ìborùn wọn fún mi pé kí n fi bo àyà, wọ́n ní kò sí ìtìjú níbẹ̀, gbogbo abiyamọ ló ń rí i. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé kí oòrùn tó kan àtàrí, àwọn obìnrin láti yàrá kejì ti ń yọjú wá kí mi kú ewu, tí ojú wọn ń lọ síbi ìborùn náà.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọyàn mi ti le bí òkúta. Mo délé, ọmọ ń sunkún, kò sì lè gbá a mú lẹ́nu nítorí líle rẹ̀. Ó tó ọjọ́ mélòó kan tí a fi ń bá a bẹ́ẹ̀ kí n tó padà lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó ní kí n má ṣe jẹ́ kó kún bẹ́ẹ̀ mọ́, kí n máa fún omi náà jáde níbi iṣẹ́, kí n máa tọ́jú rẹ̀ fún ọmọ. Ó ní, “Ọyàn ò mọ̀ pé ọ́fíìsì lo wà. Bí ẹnikẹ́ni ò bá gbé omi inú rẹ̀ kúrò, á rò pé ọmọ ò sí mọ́, á sì dáwọ́ dúró.” Ó ní kí n lọ ra pọ́ǹpù ní ilé ìtajà oògùn.

Òkókómáikò ni mo ti rà á. Mo rọra sọ ohun tí mo fẹ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà, àmọ́ kò mọ iye rẹ̀, ló bá gbé e sókè, ó sì béèrè lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ ní ìparí ṣọ́ọ̀bù pé èló ni wọ́n ń ta ohun tí wọ́n fi ń fún ọyàn. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló wò ó, lẹ́yìn náà wọ́n wò mí. Gíláàsì ni, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ẹnu fèrè, bọ́ọ̀lù rọ́bà kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bíi ti fèrè kẹ̀kẹ́ àtijọ́. Tí o bá tẹ rọ́bà náà, tí o gbé ẹnu gíláàsì lé ọyàn, tí o sì tú ọwọ́ sílẹ̀, á fa omi jáde. Alaalẹ́ ni mo máa ń sè é nínú omi gbígbóná, màá wá fi aṣọ mímọ́ wé e sínú báàgì mi.

Níbi iṣẹ́, kò síbi tí mo lè lò ó àyàfi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní ìkọ́. Màá fẹ̀yìn tì í, màá fi ẹsẹ̀ kan ti ògiri iwájú, màá wá máa tẹ rọ́bà náà. Ó ń dún fíìn, fíìn. Àwọn tó fẹ́ wọlé á kan ilẹ̀kùn títí á fi sú wọn. Ọjọ́ kan, ẹnìkan béèrè láti ìta bóyá mo ń sin ẹyẹlé níbẹ̀ ni, àwọn yòókù sì rẹ́rìn-ín. Bí ara mi bá ti gbọ̀n báyìí, omi náà kì í wá mọ́. Mo ní láti di ojú mi, kí n máa ro ọmọ, bó ṣe ń fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ lu mí láyà bó bá ń mu ún, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

Ibi tí màá tọ́jú rẹ̀ sí ló kù. Fíríìjì kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo ilé náà, ọ́fíìsì ọ̀gá ló sì wà. Ẹni tó ń mójú tó o ni bàbá mẹ́sẹ́ńjà, àgbàlagbà kan láti Ọ̀yọ́, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, tí kì í gbé ohùn sókè bá ẹnikẹ́ni. Àwọn ló ń po tíì fún ọ̀gá, àwọn ló ń ra búrẹ́dì, àwọn ló sì mọ gbogbo ohun tó wà nínú fíríìjì náà. Ó yẹ kí n sọ fún wọn pé omi ọyàn ni. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni wọ́n, wọ́n sì tó bàbá mi lọ́jọ́ orí. Mo na ike kékeré onídèérí tí omi náà wà nínú rẹ̀ sí wọn, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé mílíìkì mi yìí sínú fíríìjì. Màá gbà á bí a bá ń lọ sílé.”

Wọ́n ní kò sí wàhálà, ìyá ìkókó. Wọn ò bi mí léèrè irú mílíìkì tó jẹ́.

Ó lọ dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Nírọ̀lẹ́, màá gba ike mi, màá gbé e sáàárín omi dídì nínú ọ̀rá, màá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìbà. Lọ́jọ́ kejì, bí mo bá ti jáde, ìyá mi á gbé e ka inú omi gbígbóná kó lè lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n á sì fi ife àti ṣíbí fún ọmọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn ò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n máa gbé omi ọyàn èèyàn sínú fíríìjì bí ẹja. Ṣùgbọ́n ọmọ mu ún, ó sùn, wọ́n sì gbà.

Lọ́jọ́ kan, àwọn àlejò wá bá ọ̀gá láti oríkò iṣẹ́ wa ní Ìkẹjà. Wọ́n wọlé láàárọ̀, wọn ò jáde títí ọ̀sán fi rọ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, tí a ń palẹ̀ mọ́, mo lọ gba ike mi. Bàbá mẹ́sẹ́ńjà gbé e lé mi lọ́wọ́, mo sì mọ̀ kí n tó wò ó pé ó fúyẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní kí n má bínú, mílíìkì alágolo ti tán, tíì àwọn àlejò ti fẹ́ máa tutù, kò sì sí àyè láti dé ọjà, làwọn bá bù nínú tèmi. Wọ́n ní àwọn ti sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá sì ti ní àwọn máa dá a padà.

“Mílíìkì yín ṣàn díẹ̀ o,” ni wọ́n fi kún un, “àmọ́ ó dùn. Èmi náà fi díẹ̀ sí tèmi.”

Mo dúró níbẹ̀, mo di ike náà mú. Ohun tó kù ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ju ṣíbí mélòó kan lọ. Mo ń rò ó pé àwọn èèyàn tó wọ kóòtù, tí wọ́n gbé páálí ìwé dání, ti gbé ohun tó ti inú ara mi jáde lọ sí Ìkẹjà, wọn ò sì mọ̀. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún bàbá, ṣùgbọ́n bí mo ṣe wo ojú wọn, tí mo rí bí ọkàn wọn ṣe balẹ̀, mi ò lè sọ ọ́. Mo ní kò burú.

Ìyá Táípíìsì rí i pé mo ṣì di ike náà mú, wọ́n bi mí pé kí ló dé. Mo sọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n gbé orí lé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Nígbà tí wọ́n rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín, wọ́n nu ojú, wọ́n sì búra fún mi pé àwọn ò ní sọ ọ́ síta.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá pè mí wọlé. Agolo mílíìkì méjì wà lórí tábìlì wọn, wọ́n ti fi ìwé ìròyìn wé e. Wọ́n ní, “Bàbá sọ fún mi pé mílíìkì rẹ la lò lánàá. O ṣeun gan-an. O yọ wá nínú ìtìjú.”

Mo kúnlẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo ní, “Ẹ ṣeun, sà.” Kí ni mi ò bá tún sọ? Mo gbé agolo méjèèjì lọ sílé, ìyá mi bi mí níbi tí mo ti rí i, mo ní ọ̀gá ló fún mi.

Kò pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ náà fi tàn. Mi ò mọ ẹni tí Ìyá Táípíìsì kọ́kọ́ sọ fún, bóyá ẹnìkan ṣoṣo ni, àmọ́ nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì fi máa bẹ̀rẹ̀, àwọn awakọ̀ tó máa ń jókòó sábẹ́ igi níwájú ọ́fíìsì ti sọ mí ní Ìyá Onítíì. Bí mo bá ń kọjá, ọ̀kan á ní ebi ń pa òun, òun ò tíì mu tíì láàárọ̀. Mo dé ìdí tábìlì mi lọ́jọ́ kan, mo bá ife òfìfo tí ẹnìkan gbé síbẹ̀, ṣíbí wà nínú rẹ̀. Mo gbé e sínú àpótí, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí mo fẹ́ kọ.

Bàbá mẹ́sẹ́ńjà náà gbọ́. Wọ́n wá bá mi, wọ́n ṣí fìlà, wọn ò sì lè wo ojú mi. Mo rò pé wọ́n fẹ́ bẹ̀ mí ni. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Ìyá ìkókó, ẹ̀yin lẹ sọ pé mílíìkì ni.” Wọn ò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, wọ́n kàn fẹ́ kí n mọ̀ pé àwọn ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé wọ́n gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Èyí dùn mí ju ẹ̀rín àwọn awakọ̀ lọ. Mo ń wẹ̀ nílé lọ́jọ́ náà, mo wo ọyàn mi, ó sì dà bíi pé nǹkan ẹlẹ́gbin ni mo gbé káyà.

Mi ò lo pọ́ǹpù mọ́. Mo fi í sí abẹ́ aṣọ nínú àpótí. Mo máa ń fi ọ̀já di àyà mi pinpin kí n tó wọ aṣọ iṣẹ́, kó má bàa kán, kó má bàa sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń dùn mí gan-an. Nígbà tó yá, kò dùn mí mọ́, mo sì dúpẹ́ pé ara mi ti gbọ́ràn. Mi ò rántí ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún mi, tàbí kí n kúkú sọ pé mo rántí rẹ̀, mo sì gbé e sẹ́yìn.

Ọmọ ló kọ́kọ́ mọ̀. Màá dé nírọ̀lẹ́, á sáré gbá ọyàn mú, á fà á díẹ̀, á tú u sílẹ̀, á wò mí lójú, á wá fi igbe ta. Ìyá mi ń se ọbẹ̀ gbígbóná fún mi, wọ́n ń fún mi ní ògì mu láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n ń bi mí pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọyàn tó ń kún ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀. Nígbà tí igbe ọmọ náà pọ̀ jù, wọ́n ṣí ọ̀kan nínú agolo ọ̀gá, wọ́n pò ó mọ́ ògì fún un. Ó mu ún. Ó mu èkejì náà. Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò dá fún ọjọ́ mélòó kan, itan tó ń ká lé ara wọn sì di awọ lásán.

Mo gbé e lọ sí kílíníìkì. Àwọn ìyá ọmọ jókòó lórí bẹ́ńṣì bí wọ́n ṣe máa ń jókòó, àwọn kan lára wọn sì dá mi mọ̀ láti ìgbà tí mo máa ń gbé orí sókè láàárín wọn. Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ mi sórí ìwọ̀n. Ó wò ó, ó tún un wọ̀n, ó wo káàdì rẹ̀, ó sì kéde ìwọ̀n náà sókè fún ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ti fúyẹ́ ju ìgbà tí a wá kẹ́yìn lọ. Ìyá ọmọ kan tí mo mọ̀ pé ọyàn rẹ̀ kò tó nǹkan rí fa ọmọ tirẹ̀ mọ́ra, ọmọ náà sì sanra.

Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá mo ṣì ń fún omi ọyàn jáde níbi iṣẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mú mi lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ní kí n bọ́ aṣọ òkè, ó sì rí ojú ibi tí ọ̀já ti kọ mí lára yípo. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí fíríìjì dé orí ààwẹ̀ bàbá mẹ́sẹ́ńjà. Mo ń retí kó rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni létí ẹni tí kò kàn. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Ọmọ rẹ ò mọ nǹkan kan nípa tíì. Ohun tó mọ̀ ni pé o gba oúnjẹ òun.” Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní ọ̀ràn náà kò tíì kọjá àtúnṣe. Kí n gbé ọmọ sí ọyàn ní gbogbo ìgbà tí mo bá wà pẹ̀lú rẹ̀, bí kò tilẹ̀ rí nǹkan kan mu, kó mu apá kan tán kí n tó gbé e sí èkejì. Kí n fi pọ́ǹpù tẹ̀lé e lẹ́yìn tó bá mu tán, kí n má sì jẹ́ kó pẹ́ títí níbi iṣẹ́ láìfún omi náà jáde. Kí n tú ọ̀já yẹn dànù. Ó ní bí mo bá lè rí ọ̀nà tí ọmọ á fi máa dé ọ̀dọ̀ mi lọ́sàn-án, ìyẹn ló dára jù, nítorí pé kò sí pọ́ǹpù tó mọ̀ ọ́n fà tó ọmọ.

Mo ronú lórí rẹ̀ láti ibẹ̀ dé ilé. Mo pinnu pé màá bẹ ọ̀gá kí wọ́n jẹ́ kí n máa lọ sílé lọ́sàn-án, bí wọn ò bá sì gbà, màá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ lọ́kàn mi ni pé ara ọmọ mi ò yá. Mi ò ní dárúkọ ọyàn.

Nígbà tí mo wọlé tọ̀ wọ́n, ọ̀gá ní kí n ti ilẹ̀kùn, kí n jókòó. Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, wọ́n sì gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Wọ́n ní ó yẹ kó jẹ́ pé àwọn ló pè mí, àwọn ò kàn mọ bí àwọn ṣe máa sọ ọ́ ni. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ orúkọ tí àwọn awakọ̀ ń pè mí.

“Tíì yẹn ò ṣe mí ní nǹkan kan,” ni wọ́n wí. “Ohun tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn ni pé o kúnlẹ̀, o gba agolo lọ́wọ́ mi, o sì dúpẹ́.”

Mo tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ọ̀gá náà ń wo fèrèsé. Wọ́n sọ pé tíṣà ni ìyàwó àwọn nígbà tí wọ́n ń bímọ, pé ó ń jáde láàárọ̀ ó ń padà lọ́sàn-án, àwọn ò sì bi í rí, ọjọ́ kan ṣoṣo, bó ṣe ń ṣe é. Wọ́n sọ èyí bíi pé àwọn ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣí dúrọ́ọ̀, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ kan jáde. Ti sítọ́ọ̀ kékeré tí a ń kó fáìlì àtijọ́ sí ni. Wọ́n ní kí n máa lò ó, kí ìyá mi sì máa gbé ọmọ wá. “Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ léèrè, ní kó wá bi mí.” Mo gba kọ́kọ́rọ́ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò kúnlẹ̀, nítorí mo rí i pé bí mo bá kúnlẹ̀, ojú á tì wọ́n.

Báyìí ni ìyá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bọ́ọ̀sì láti Ìbà wá sí Ọ̀jọ́ lọ́sọ̀ọ̀sán, wọ́n á pọn ọmọ, wọ́n á fi aṣọ bò ó lórí nítorí oòrùn. Màá jókòó sórí àpótí láàárín àwọn fáìlì tí eruku bò, màá fi ọyàn fún un, màá máa gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin tó ń kọjá lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí mo tilẹ̀ ti kọ́kọ́rọ́ sí i, ara mi ṣì máa ń le bí ẹsẹ̀ bá dúró. Láàárọ̀ kí wọ́n tó dé, àti lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ, màá lo pọ́ǹpù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, omi tí mo rí kò ju èyí tó rin ẹnu gíláàsì lọ. Mo máa ń wò ó, ojú á tún tì mí, lọ́nà mìíràn. Tẹ́lẹ̀, ohun tó pọ̀ ló ń tì mí lójú, ó wá di ohun tí kò sí.

Ìyá Táípíìsì kò sọ fún mi rí pé àwọn ló tú àṣírí mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọ sítọ́ọ̀, wọ́n á gbé àga wọn sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, wọ́n á máa ṣe bí ẹni tó ń wá afẹ́fẹ́, wọn ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró níbẹ̀.

Ìyá mi kò mọ̀ nípa orúkọ tí wọ́n fún mi títí awakọ̀ kan fi kí wọn lójú mi pé, “Mọ̀mí Ìyá Onítíì, ẹ káàbọ̀ o.” Wọ́n bi mí nílé pé tíì wo ni mò ń tà. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó wọ ọgbà, wọ́n lọ bá awakọ̀ náà lábẹ́ igi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn wọn, wọ́n sì bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Mò ń wò wọ́n láti fèrèsé. Ọkùnrin náà dìde, ó dọ̀bálẹ̀. Títí ìyá mi fi kúrò láyé, wọn ò sọ ohun tí wọ́n bá a sọ fún mi.

Omi ọyàn mi padà, díẹ̀díẹ̀. Kò padà débi tó wà tẹ́lẹ̀. Kò kán sórí ìró mi mọ́ láé. Ṣùgbọ́n ó tó, pẹ̀lú ẹ̀kọ tí a fi kún un nígbà tí àsìkò rẹ̀ tó, ìgbẹ́ gbuuru náà sì dá. Nígbà tí a tún lọ sí kílíníìkì, tí nọ́ọ̀sì gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, kò kéde nǹkan kan. Ó fọwọ́ kan mí ní èjìká, ó sì pe ẹni tó kàn. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì láàárín àwọn ìyá tó kù, mo tẹrí ba, mo ń fún ọmọ mi lọ́yàn, mi ò sì wo ti ẹnikẹ́ni.

Ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ìgbà yẹn, lẹ́yìn tí mo ti já ọmọ lẹ́nu ọyàn, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ ní yàrá kejì bímọ. Nígbà tó padà dé, mo rí i tó fi fáìlì bo àyà. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀, mo júwe bó ṣe máa lo pọ́ǹpù fún un, bó ṣe máa di ojú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó dúpẹ́. Ó dúró díẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

“Àǹtí,” ó ní, “ṣé òótọ́ ni ohun tí wọ́n ń sọ, pé wọ́n fi omi ọyàn ẹnìkan po tíì fún ọ̀gá níbí?”

Mo ní irọ́ ni. Mo ní kó máa se gíláàsì náà dáadáa, kó sì kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sára ike tó bá ń lò. Lẹ́yìn náà mo padà sídìí tábìlì mi.